Wọ́n Fẹ́ Fi Mí Sínú Gíláàsì

Ọmọ mi àtàtà, àbígbẹ̀yìn mi tí mo pọ̀n pẹ́ jù lọ,

Mo kí ọ o. Mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo sì kí obìnrin yàrá kejì tó máa ń bá wa jíṣẹ́ fún ọ nígbà tí fóònù rẹ bá kú. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde nílé? Ẹlẹ́dàá tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, àpótí onírin tí o ní ó máa ń gbé yín lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní gbé ọ kọjá ibi tí ò ń lọ, inú ọ̀gá rẹ yóò sì máa dùn sí ọ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá ṣíwọ́. Àwa náà wà níbí, ara wa le, àfi orúnkún mi tó máa ń ráhùn bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àti bàbá rẹ tí wọ́n di ẹnu wọn pa sí mi láti bí ọjọ́ mélòó kan nítorí ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ jókòó kọ ìwé yìí.

Má wò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù sì máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀ o, inú aṣọ ni mo ń wé e sí kí òtútù má baà mú un. Fọ́tò rẹ tí o fi ránṣẹ́ wà nínú rẹ̀, mo sì máa ń wò ó bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ ilé tán, ṣùgbọ́n oorun máa ń kùn ọ́ jù. N óò ṣì máa wo ojú rẹ lọ́wọ́, yóò kàn ṣókùnkùn, n óò fi ìka tọ́ ọ, o óò jí, n óò tún máa wò ọ́, o óò tún sùn lọ. Mo sọ fún bàbá rẹ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ yìí ṣe ní ìlú yẹn ti pọ̀ jù, kò lè la ojú sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ wò ó tẹ́rùn. Jọ̀wọ́, máa tètè sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Tíṣà tó kọ́ yín ní kíláàsì kìíní, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí ṣùgbọ́n tó ṣì ń fi fèrè kọ́rùn káàkiri, pe gbogbo ìlú jọ sínú yàrá ìkàwé àtijọ́. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní ìlú ńlá lọ́dọ̀ yín, wọ́n fẹ́ rìn yí ìlú wa ká, wọ́n fẹ́ wo ohun àtijọ́ tí a ní, wọ́n fẹ́ béèrè bí a ṣe tẹ ìlú yìí dó, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé kí àwọn èèyàn láti ọ̀nà jíjìn lè máa wá wò wá. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ̀rù tún bà wá díẹ̀, nítorí gbogbo ohun àtijọ́ tí a ní ló ti gbó.

Ìwọ náà mọ̀ wá, a kì í gba àlejò sínú ìdọ̀tí. Tíṣà ní ọ̀dà ni àlejò fẹ́, ó fọn fèrè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kànga àtijọ́ tí okùn ti ha ẹnu rẹ̀ jinjin láti ayé àwọn ìyá ńlá wa, bíríkìlà po sìmẹ́ńtì, ó fi dí gbogbo ibi tí okùn ti ha, ó sì tẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn àgbà fi ń ṣèpàdé, tí ìdí wọn ti gbẹ́ ihò sí lára, Káfíńtà fá a títí tí ihò náà fi tán, ó fi ọ̀dà pupa kùn ún, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i mọ́. Bàbá rẹ ní tiwọn kò ní kẹ́yìn. Ṣé o rántí ilẹ̀kùn ńlá ilé wa tí bàbá bàbá bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tí ẹyẹ àti èèyàn wà lára rẹ̀? Wọ́n lọ tọrọ ọ̀dà tó kù nígbà tí wọ́n kun ilé ìwòsàn, èyí tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n kùn ún, wọ́n tún un kùn, wọ́n wá ní ó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n tún da èyí tó kù lé e. Àwọn ẹyẹ náà wá wú bí ẹni tí oyin ta. Ìlú wa ń dán, o kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti gbébẹ̀ rí.

Àwọn àlejò dé. Obìnrin kan ni, tó wọ awò ojú, ọmọlúàbí ni, ó kúnlẹ̀ kí mi, àti ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé ọkùnrin náà tú nǹkan kékeré kan sílẹ̀ nínú àpò, ó ní kó lọ wo ìlú wa láti òkè. Nǹkan náà fò, ó ń kùn yùn-ùn-ùn, gbogbo adìyẹ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó fi máa balẹ̀, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo bá bu omi sínú àwo, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó mu ún.

Tíṣà wá kó wọn káàkiri. Obìnrin yẹn ní òun ti ka nípa ilẹ̀kùn wa nínú ìwé, pé ibo ló wà. Bàbá rẹ fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní kànga tí okùn ha ńkọ́, wọ́n mú un dé ibẹ̀, bíríkìlà sì wà níbẹ̀ tó ń fọwọ́ pa á kí ó lè rí bó ṣe jọ̀lọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n fi dé ìdí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sí i, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ sì mú un ní aṣọ. Ó ń sunkún. Bàbá rẹ rọra sọ fún mi pé ayọ̀ ni, pé kò rí ìlú tó mọ́ tó báyìí rí. Ó béèrè bóyá ọ̀dà náà ṣeé bó kúrò lára ilẹ̀kùn, bàbá rẹ sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kó má bẹ̀rù, ojúlówó ọ̀dà ni, kò lè bó láyé. Ni ó bá tún bú sẹ́kún.

Wọ́n wá jókòó ní pálọ̀ kí bàbá rẹ sọ ìtàn ìlú fún wọn. O mọ ìtàn náà, ti bàbá ńlá wọn tó gun ẹṣin wá, tó lé àwọn ọ̀tá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, ẹṣin lásán ni. Nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ti di ẹṣin funfun. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹṣin náà ga débi pé àwọn èèyàn ń sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Káfíńtà ní ẹṣin kankan kò sí, pé ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi rìn, àti pé bàbá ńlá tòun ló wà níwájú. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Obìnrin náà bá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun fẹ́ fi omi bọ́jú.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ibẹ̀ ni ojú sì ti tì mí. Ọ̀dà kò kàn ilé ìdáná mi. N kò rí ẹni bá mi fọ ògiri rẹ̀, ó dúdú kirimú bí èéfín ṣe ń bá a láti ayé ìyá ìyá bàbá rẹ, ààrò àtijọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ tòun ti eérú, mo sì ti fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n má baà rí i. Obìnrin yìí gbé aṣọ sókè, ó wò ó, ó ké pe oníkámẹ́rà bí ẹni pé ó rí owó he. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ó fi ìbọ̀wọ́ funfun sí ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ìkòkò mi, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ìdọ̀tí ilé ìdáná mi ló ń rí i lára, àmọ́ mo tún rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ló ń dùn ún, ni mo bá gbé omi gbígbóná kaná, mo da iyọ̀ sí i, mo ní kó fi ọwọ́ méjèèjì sínú rẹ̀. Ó tún sunkún, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Fara balẹ̀ ka ibi tí mo dé yìí. Wọ́n ta aṣọ funfun kan. Wọ́n gbé ìkòkò ńlá tí wọ́n ti lẹ̀ létí sórí rẹ̀, wọ́n fi káàdì kékeré kan síwájú rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn. Ó béèrè bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ wa àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ó kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá rẹ tẹ̀ka, wọ́n fi òwú wé ìkòkò, ó di inú páálí, ó di inú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún àpótí ìjókòó ìyá ìyá bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àtùpà amọ̀. Wọ́n ní inú gíláàsì ni wọn yóò máa gbé ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí iná yóò máa tàn sí wọn lára tọ̀sán-tòru, tí kòkòrò kò sì ní débẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló jókòó tì mí nídìí ààrò, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí àárín wa, mo kí ẹ̀rọ náà, ó ní kí n sọ bí ìlú yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní àwọn ọkùnrin ti sọ ọ́ ní pálọ̀. Ó ní èmi ńkọ́. Mo bá sọ èyí tí ìyá ìyá bàbá rẹ sọ fún mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí a jọ ń dáná níbẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn wa ń rìn lọ síbi dáadáa kan tí wọ́n gbọ́ pé ó wà níwájú. Obìnrin aboyún kan wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó jókòó. Wọ́n ní kó dìde, ó ní òun kò dìde. Wọ́n ní àwọn yóò fi í sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, pé ó dàbọ̀. Wọ́n lọ díẹ̀, wọ́n wá rántí pé òun ló gbé ìkòkò iná. Wọ́n padà wá gba iná, ilẹ̀ ti ṣú, ó ti ń se oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n ní kí àwọn jẹun ná. Ilẹ̀ mọ́, ó bímọ. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kí ọmọ gbó díẹ̀. Ọmọ gbó, ó ń rìn, ó ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn máa tó gbéra. Ìlú wa nìyẹn. Ibi dáadáa tó wà níwájú yẹn, kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ lọ wò ó, àfi bóyá ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kó lọ sí ìlú ńlá ni ẹ ń bá ìrìn náà lọ. Bí ẹ bá ti rí i, kí ẹ sọ fún wa.

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ náà. Ó wá ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun báyẹn rí, pé irú mi kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde bẹ́ẹ̀. Oníkámẹ́rà bá gbé àga síwájú aṣọ funfun, ó ní kí n jókòó. Ó fi káàdì kékeré síwájú mi. Ó ya fọ́tò mi níwájú, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí mi, wọ́n béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n ní kí n tẹ̀ka. Mo jókòó, mò ń retí òwú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti kún, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ pa dé mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí àwọn wá parí èyí tó kù. Ìwọ náà kàwé, wò ó kí o sọ fún mi, kí ló kù bí kò ṣe èmi?

Tíṣà ní mo kàn ń dààmú ara mi ni. Ó ní wọn kì í kó èèyàn sínú gíláàsì, pé fọ́tò mi àti ohùn mi nìkan ni wọ́n fẹ́, pé wọn yóò gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri, ó tán. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n òun náà ló sọ fún wa pé ọ̀dà ni àlejò fẹ́. Àti pé kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi fọ́tò mi ṣe? Èmi tí mo ní fọ́tò lọ́wọ́ mọ ohun tí fọ́tò lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Bí mo bá kí tìrẹ, kì í dáhùn.

Bàbá rẹ ni kí o bá mi bẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n béèrè ni pé ta ni yóò máa se oúnjẹ. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ohun tó ń dùn wọ́n gan-an ni pé wọn kò ya fọ́tò tiwọn lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ni àgbà, àwọn ni ẹṣin wà nínú ìtàn àwọn, báwo ni wọ́n ṣe máa mú ìyàwó kí wọ́n fi ọkọ sílẹ̀. Láràárọ̀ báyìí, wọ́n á wọ fìlà tí wọ́n fi gbé mi níyàwó, wọ́n á lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n á dúró ṣinṣin, wọn kò ní mira, kí àwọn àlejò lè rí i pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣe. Àánú wọn ń ṣe mí. Mo ti pinnu pé n óò sọ fún obìnrin náà pé kó wá gíláàsì oní-èèyàn-méjì.

Jọ̀wọ́, bá mi lọ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wò ó bóyá òrùlé rẹ̀ kò jò. Béèrè bóyá gíláàsì náà ní ilẹ̀kùn, nítorí mo máa ń jáde bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Béèrè bóyá èèyàn lè sín níbẹ̀, bóyá mo lè kí àwọn tó bá wá wò mí àbí kí n kàn máa wò wọ́n bọ̀ọ̀. Kí wọ́n sì pa iná yẹn nígbà tí mo bá fẹ́ sùn. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà tó dára, nítorí bí wọ́n bá ti ń wo èèyàn láti òkè dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ ni ojú wọn máa gbẹ̀yìn sí, èyí tí mo ní sì ti ya lẹ́nu.

N óò sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà tí obìnrin náà dárúkọ àdúgbò tí ilé yẹn wà, mo ní kó tún un sọ, nítorí àdúgbò ọ́fíìsì rẹ ni. O máa ń sọ pé ọ̀nà ló jìn, pé ìsinmi tí wọ́n ń fún yín kò tó àlọ àti àbọ̀. N kò bínú, mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní ìdùbúlẹ̀ nígbà tí o wá kẹ́yìn, adìyẹ ló ń lé káàkiri báyìí, bí mo bá sì dárúkọ rẹ fún un, yóò béèrè pé ta nìyẹn. Àárò rẹ ń sọ mí. Bó bá jẹ́ inú gíláàsì ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀ kí n lè máa rí ọ nígbà tí o bá ń kọjá lọ jẹun lọ́sàn-án, n óò wọ̀ ọ́, n kò ní janpata. Ìdí tí mo fi tẹ̀ka kíá nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sanwó lẹ́nu géètì, pé wọ́n sì ti kọ ọ́ sára gíláàsì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bí o bá lè wá kí òjò tó dáwọ́ dúró, wá. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ń gba owó géètì lọ́wọ́ ọmọ níbí, o sì lè fọwọ́ kàn mí.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀nà tó dán hàn ọ́, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní takú, wàá bá wa láyọ̀, wàá sì bá wa lódidi.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣì wà níta gíláàsì.